‘Riot’ ni àbí ‘uprising’? Orúkọ tí ayé fún ọjọ́ tí Monrovia gbiná nítorí ìrẹsì

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Àjíǹde ni ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 1979 bọ́ sí. Dípò kí àwọn ará Monrovia, olú ìlú Liberia, máa ra ohun tí wọ́n máa fi ṣọdún, ìró ìbọn ni wọ́n ń gbọ́ ní ìgboro. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó kéré tán, èèyàn 40 ti kú, àwọn tó farapa lé ní 500, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú gbẹ.

Owó àpò ìrẹsì kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ní “Rice Riots”. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò fìgbà kan gbà pé “riot” ni. Ní tiwọn, ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n pè, ìbọn ọlọ́pàá ló sọ ọ́ di nǹkan míì. Ìjọba ìgbà náà ní rárá o, àwọn kan ló fẹ́ dojú ìjọba dé. Àwọn onímọ̀ kan tó kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà yan ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n ní “uprising” ni. Ọ̀pọ̀ ará Liberia kì í tilẹ̀ dá sí àríyànjiyàn náà. “April 14” lásán ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ ti mọ ìyókù.

Kí wá ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Kí ló sì dé tí orúkọ tí wọ́n bá fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fi lè rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n, tàbí kó sọ ọ́ di akọni?

Bí ọ̀rọ̀ ìrẹsì ṣe di ọ̀rọ̀ ìbọn

Ní Liberia, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ọdún bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá láyé àtijọ́. Ẹni tó jẹ ẹ̀gẹ́, tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó tún fi ẹja lé e, tí kò bá tíì fi ìrẹsì kan ẹnu, yóò sọ fún yín pé òun kò tíì jẹun lónìí. Ìjọba tó bá fọwọ́ kan owó ìrẹsì, ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ilé ló fọwọ́ kàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 1979, mínísítà fún ètò ọ̀gbìn, Florence Chenoweth, dábàá pé kí owó àpò ìrẹsì tó wọn 100 pọ́ùn kúrò ní dọ́là 22, kó di dọ́là 26. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí owó ìrẹsì bá lọ sókè, àwọn àgbẹ̀ yóò rí ìdí láti dúró sóko wọn, wọn kò ní máa fi oko sílẹ̀ wá wáṣẹ́ ní ìgboro tàbí nínú oko rọ́bà ńláńlá. Kì í ṣe pé àlàyé náà kò ní ọgbọ́n nínú. Àmọ́ ẹni tó ń gbé Monrovia kì í gbin ìrẹsì, ńṣe ló ń rà á. Àwọn alátakò tún ní mọ̀lẹ́bí Ààrẹ William Tolbert àti mínísítà náà fúnra rẹ̀ ní oko ìrẹsì ńlá, pé àpò tiwọn gan-an ni èrè rẹ̀ máa wọ̀.

Ìbínú tó wà nílẹ̀ ju ti ìrẹsì lọ. Láti ọdún 1822 ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá láti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe ẹrú rí, ti ń tẹ̀dó sí etíkun náà. Orúkọ James Monroe tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà ni wọ́n fún ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀. Wọ́n kéde òmìnira ní ọjọ́ 26, oṣù Keje, ọdún 1847, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, True Whig Party, sì wà lórí àga láti ọdún 1878 láìsọ̀kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn Kpelle, Bassa, Gio, Kru, Krahn àtàwọn ẹ̀yà míì, pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, síbẹ̀ àwọn ìdílé díẹ̀ ló ń pín ipò àti owó ìlú láàárín ara wọn.

Ẹgbẹ́ Progressive Alliance of Liberia, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PAL, lábẹ́ ìdarí Gabriel Baccus Matthews, ló ké sí aráàlú pé kí wọ́n jáde fún ìwọ́de. Ìjọba kò fún wọn láṣẹ. Bí ọjọ́ ṣe pé, nǹkan bíi 2,000 èèyàn gbéra, wọ́n fẹ́ rìn dé Executive Mansion tí ààrẹ ń gbé. Lójú ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti àwọn àdúgbò tálákà ya bo ìwọ́de náà. Iye àwọn yẹn lé ní 10,000.

Wákàtí 12 ni wàhálà náà fi gbóná. Wọ́n já ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ìrẹsì inú ilé ìkẹ́rùsí, ọlọ́pàá àti ológun sì ń yìnbọn. Iye dúkìá tó ṣòfò lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là. Tolbert ké sí aládùúgbò rẹ̀, Sékou Touré ti Guinea, ẹni tó fi ọmọ ogun ránṣẹ́ sí i.

Èwo ló ṣáájú, ìbọn àbí ìkólé? Títí di òní, ìdáhùn tí èèyàn bá fún ìbéèrè yìí ló ń pinnu ọ̀rọ̀ tí yóò lò. Ẹni tó gbà pé ìkólé ló ṣáájú yóò ní “riot” ni. Ẹni tó gbà pé ìbọn ló ṣáájú yóò wá orúkọ mìíràn.

Kí ni òfin ń pè ní ‘riot’?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọ̀rọ̀ òfin ni. Ní ọdún 1715, ilé aṣòfin ìlú ọba ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Riot Act. Bí èèyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ tí wọ́n ń da ìlú rú, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò jáde sí wọn, yóò ka ìkéde kan sí wọn létí, wọ́n sì ní wákàtí kan péré láti túká. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn wákàtí náà, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé wọ́n “ka Riot Act” fún ọmọ tàbí òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá bá wí kíkankíkan.

Òyìnbó amúnisìn gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó wà fún gúúsù Nàìjíríà, èèyàn mẹ́ta ti tó. Bí mẹ́ta bá pàdé pẹ̀lú èrò kan náà, tí ìṣesí wọn sì mú kí àwọn tó wà nítòsí bẹ̀rù pé wọ́n máa da àlàáfíà rú, àpéjọ tí kò bófin mu ni. Bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í da àlàáfíà náà rú lóòótọ́, ó ti di “riot” nìyẹn.

Ohun kan wà tí òfin náà kò béèrè: ìdí tí wọ́n fi jáde. Àwọn tó ń jà nítorí bọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń jà nítorí ebi, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ọ̀rọ̀ yìí. “Riot” ń sọ ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe, ó dákẹ́ lórí ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, tí àwọn tí ìyà ń jẹ kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ létí.

“Uprising” yàtọ̀. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ yóò rí i pé dídìde ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì dìde, ó ti ní láti jókòó tàbí dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníròyìn tó bá kọ “uprising” ti gbà, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, pé ẹnì kan wà nílẹ̀, ẹlòmíràn sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì fi ń túmọ̀ “intifada” tí àwọn ará Palestine ń lò láti ọdún 1987, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn gan-an túmọ̀ sí ni kí èèyàn gbọn nǹkan dànù kúrò lára.

“Insurrection” ló ṣàjèjì jù nínú gbogbo wọn. Láti inú èdè Látìn ló ti wá, dídìde náà ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Nígbà tí èrò ya wọ ilé aṣòfin ní Washington ní ọjọ́ 6, oṣù Kìíní, ọdún 2021, ẹ̀sùn pé ó ru èèyàn sókè fún “insurrection” ni àwọn aṣojú-ṣòfin fi kan Donald Trump, kí ilé aṣòfin àgbà tó dá a láre. Àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ní ìwọ́de lásán ni.

Ẹ wá ré kọjá sí Burkina Faso, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ní òpin oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, aráàlú yọ sí Ààrẹ Blaise Compaoré tó ti lo ọdún 27 lórí oyè, wọ́n dáná sun ilé aṣòfin, ó sì sá kúrò nílùú. “Insurrection populaire” ni àwọn ará Burkina ń pe ọjọ́ náà, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwúrí. Ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà: ní Washington ó jẹ́ ẹ̀sùn, ní Ouagadougou ó jẹ́ oríkì. Yorùbá ìlú Benin tàbí Togo tó ń ka ìròyìn ní Faransé, tó sì tún ń gbọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ dáadáa.

Oníṣòwò tó ní ìwé adójútòfò náà ní láti mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí owó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń gbà láti san owó ohun tó bá bàjẹ́ nínú “riot”, bí oníbàárà bá ti san owó kún owó fún un. Nínú ìwé kan náà, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀ bí ó bá jẹ́ ogun, “rebellion”, “revolution” tàbí “insurrection” ló fà á. Ẹni tí wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè fẹ́ràn àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́, síbẹ̀ kó máa gbàdúrà pé kí ilé ẹjọ́ pe ohun tí wọ́n ṣe ní “riot”.

Kí ni Yorùbá ń pè é?

Èdè Yorùbá kò tò ó bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó. Ìwọ́de àti ìfẹ̀hónúhàn wà fún àwọn tó jáde ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Rògbòdìyàn àti ìjà ìgboro sún mọ́ “riot”. Ọ̀tẹ̀ ló ṣòro jù, nítorí ohun tó farapamọ́, tí wọ́n dì níkọ̀kọ̀, ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn tó bá gbọ́ ọ. Ẹni tó dìtẹ̀ kì í gbé pátákó rìn ní ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀, “ìṣọ̀tẹ̀” ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń túmọ̀ “uprising”, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀bi lé aráàlú lórí láìmọ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò sábà lo ọ̀rọ̀ yẹn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá gbéjà ko ìjọba amúnisìn ní ọdún 1918 nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, tí wọ́n ba ojú irin jẹ́, Ogun Àdùbí ni wọ́n pè é. Ogun ni, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjì ló ń jà. Bákan náà ló rí lápá ìlà oòrùn ní ọdún 1929. Àwọn òyìnbó kọ “Aba Riots” sínú ìwé wọn, àmọ́ àwọn obìnrin Igbo tó jáde, tí ọmọ ogun sì yìnbọn pa ju 50 lọ nínú wọn, ogun obìnrin ni wọ́n ń pe tiwọn.

Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Àgbẹ́kọ̀yà. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà kọ̀ láti san owó orí tí ìjọba Adeyinka Adebayo ń béèrè, nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan mọ́ tí ìjọba kò sì ṣe ọ̀nà oko. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀, èyí tí Adájọ́ Ayoola darí, lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó rọ̀ bí òwú: “civil disturbances”. Àwọn àgbẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó sọ wọ́n lórúkọ. Àgbẹ̀ kọ ìyà. Ìdí tí wọ́n fi jà wà nínú orúkọ náà, oníròyìn tó bá dárúkọ wọn ti ròyìn wọn tán.

Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé Omoyele Sowore nítorí ìwọ́de tó pè ní #RevolutionNow, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba dé. Ọ̀rọ̀ “revolution” fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí: ìjọba ní fífi ipá gba ìjọba ló túmọ̀ sí, àwọn tirẹ̀ ní àyípadà rere ni. Lọ́dún kejì, nígbà EndSARS, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn jàǹdùkú ti já ìwọ́de náà gbà mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó mọ ìtàn Monrovia yóò rántí àwọn ọ̀dọ́ tó ya bo ìwọ́de PAL. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lekki ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “massacre”, tó wà nínú àbọ̀ ìgbìmọ̀ ìwádìí, ló di ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ̀ láti gbà.

Nígbà tí ‘revolution’ dé Monrovia

Tolbert kó àwọn aṣáájú PAL sí àtìmọ́lé, ó sì fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kàn wọ́n. Àmọ́ ó ní àlejò. Oṣù Keje ọdún náà ni àwọn olórí Áfíríkà fẹ́ ṣèpàdé àjọ OAU ní Monrovia, kò sì dára kí àlejò bá ilé ní rúdurùdu. Ó dárí jì wọ́n ní oṣù Kẹfà. Ìgbìmọ̀ tí agbẹjọ́rò Nete Sie Brownell darí náà ti wo ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì dúró sórí ìrẹsì nìkan. Wọ́n mẹ́nu ba àlàfo tó wà láàárín àwọn tó ń ṣèjọba àti àwọn tí wọ́n ń ṣèjọba lé lórí.

Àlàfo náà kò dí. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1980, Matthews ní kí Tolbert kúrò lórí oyè, wọ́n sì tún kó òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọ̀sán méjì ṣáájú àjọ̀dún ọjọ́ ìrẹsì, ọmọ ogun 17 tí Samuel Doe ṣáájú wọn wọ Executive Mansion, wọ́n sì pa ààrẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n so àwọn aláṣẹ 13 mọ́ òpó létí òkun, wọ́n yìnbọn pa wọ́n. Mínísítà ètò ìdájọ́, Joseph Chesson, àti Frank Tolbert, ẹ̀gbọ́n ààrẹ, wà nínú wọn.

Ìfipágbàjọba, ìyẹn “coup”, ni gbogbo ayé pè é. Doe àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní “revolution” ni, wọ́n sọ ìgbìmọ̀ wọn ní People's Redemption Council, wọ́n sì sọ ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin di ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n pè ní ọjọ́ ìràpadà orílẹ̀-èdè. Matthews, tó wà nínú ẹ̀wọ̀n gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ náà tún yí padà ní ọdún 1985. Thomas Quiwonkpa, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun 17 yẹn, padà wá ní oṣù Kọkànlá láti lé Doe kúrò. Ó kùnà, wọ́n pa á, ìjọba sì ní ọ̀tẹ̀ ló dì. Ká ní ó jáwé olúborí ni, ó ṣeé ṣe kí Liberia ní ọjọ́ ìràpadà kejì. Nígbà tí Charles Taylor wọlé láti ẹnubodè Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1989, “rebel” ni gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn ń pè é. Lẹ́yìn ìbò oṣù Keje, ọdún 1997, ààrẹ ni wọ́n ń pè é.

Àwọn obìnrin tó fi aṣọ funfun jókòó sí ìta ọjà ẹja ní Monrovia lọ́dún 2003, tí Leymah Gbowee ṣáájú wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ààyè pe tiwọn ní “riot”. Wọn kò ju òkúta kankan. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì yọ sí ìjọba George Weah ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún 2019 lórí ọ̀wọ́ngógó àti ìwà ìbàjẹ́, wọ́n dí ojú òpó Facebook àti WhatsApp pa lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò sí ìbọn, “protest” ni orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ títí di òní.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, ìjọba Liberia gbé ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà kalẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2005. Òfin náà sọ àsìkò tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò: láti oṣù Kìíní, ọdún 1979 títí di ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2003. Ọdún ìrẹsì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ṣáájú ikú Tolbert, ṣáájú Doe, ṣáájú Taylor.